Kí Tẹlifíṣọ̀n Tó Dé, Ẹ̀fẹ̀ Ti Ń Bá Wa Wí: Ìjà Ọmọdé àti Ìmọ̀ràn Òbí ní Ilẹ̀ Kétu

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ó ti tú ilé ká rí. Ọ̀rọ̀ ìjà ọmọdé ni.

Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Omi ṣọ̀wọ́n lórí ilẹ̀ gíga Kétu wa yìí. Láti ayé àwọn baba wa la ti ń du omi. Ọmọ méjì á gbé ike dé ìdí ẹ̀rọ omi. Ọ̀kan á ní òun ló kọ́kọ́ dé, èkejì á ní irọ́ ni. Ẹnìkan á ti ẹnìkan, ike á dànù, ẹ̀ṣẹ́ á sọ. Kò ní pẹ́ tí ọmọ kan á fi sunkún wọlé pé kí ìyá òun wá wo ohun tí ọmọ ilé kejì fi ojú òun ṣe. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín sí méjì. Ohun tí ìyá yẹn bá sọ lásìkò náà ni yóò pinnu bóyá ìjà parí síbẹ̀ tàbí ó wọ agbo ilé. Ta ni nínú wa tí kò mọ agbo ilé méjì tí wọn ò kí ara wọn mọ́ nítorí irú ìjà bẹ́ẹ̀, tí àwọn ọmọ tó jà sì ti jọ ń gbá bọ́ọ̀lù láti ọjọ́ kejì?

A fẹ́ tọ ìtàn ọ̀rọ̀ yìí wò: kí làwọn àgbà ń sọ fún ọmọ tó jà, ní ilé wa àti ní ibòmíràn, láti ìgbà wo sì ni? Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn ká tó darí wálé.

Ní Amẹ́ríkà, eré ẹbí apanilẹ́rìn-ín kan wà lórí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń pè ní The Andy Griffith Show. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1960, ó sì parí ní 1968. Ìlú kékeré kan tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Mayberry ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀; ìlú inú eré ni, kò sí i lórí máàpù. Bàbá inú eré náà, Andy Taylor, ni olórí ọlọ́pàá ìlú. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, òun àti àǹtí rẹ̀ ló ń tọ́ ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, Opie. Ọmọ ọdún 7 ni Ron Howard tó ṣe Opie nígbà tí apá tí a fẹ́ sọ yìí jáde. Ọmọ náà ló dàgbà tó wá di olùdarí fíìmù tí gbogbo ayé mọ̀.

Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá ọdún 1961 ni wọ́n gbé apá tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ «Opie and the Bully» jáde. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sheldon máa ń dúró de Opie lójú ọ̀nà ilé-ìwé, á ní kó mú owó tí wọ́n fún un láti ra wàrà wá, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á lù ú. Ẹ̀rù ba Opie, ó ń san owó yẹn lójoojúmọ́ bí ẹni ń san owó orí. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ owó mìíràn lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ àti lọ́wọ́ Barney, igbákejì bàbá rẹ̀, láìsọ ìdí. Barney ló ṣọ́ ọ tó fi rí òkodoro. Ojú ẹsẹ̀ ló fẹ́ kí àwọn lọ mú Sheldon.

Andy kọ̀. Bàbá ni, ọlọ́pàá ni, ó ní ìbọn, ó ní ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí òun bá ja ìjà yẹn fún ọmọ òun, ẹ̀rù yóò ṣì wà nínú ọmọ náà títí lọ. Ó mú un lọ sí etí odò, wọ́n jọ ń dẹ ẹja, ó sì sọ ìtàn ara rẹ̀ fún un: bí ọmọ kan ṣe gba ibi tí òun máa ń pẹja sí lọ́wọ́ òun nígbà tí òun kéré, bí òun ṣe sá lọ, bí ojú ṣe ti òun, àti bí òun ṣe wá padà lọ kojú ọmọ náà, tí òun sì rí i pé ẹ̀ṣẹ́ tí òun ń bẹ̀rù kò dùn òun tó bí òun ṣe rò. Kò sọ fún Opie pé kó lọ jà. Ìtàn nìkan ló sọ. Ní ọjọ́ kejì, Opie kọ̀ láti san owó. Ó padà wá bá bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ojú wíwú, ó sì ń yangàn bí ẹni gba ife-ẹ̀yẹ.

Ó ti lé ní 60 ọdún tí apá yẹn ti jáde, àwọn ènìyàn ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sì yà wá lẹ́nu. Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé bàbá yẹn kò fi ipò rẹ̀ bá ọmọ sọ̀rọ̀, ìtìjú ara rẹ̀ ló fi bá a sọ̀rọ̀. Mélòó nínú àwa bàbá ló ti sọ fún ọmọ wa rí pé àwa náà sá fún ìjà nígbà kan? Ọ̀pọ̀ wa ló jẹ́ pé bí a bá ń ròyìn ìgbà èwe wa fún ọmọ, kò sí ìjà tí a kò borí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ojú Odomèta wo ìtàn yẹn. Ìyá wa èyíkéyìí tó bá wò ó yóò béèrè pé: àwọn òbí Sheldon dà? Nínú ìtàn náà, bàbá Opie kò lọ kan ilẹ̀kùn ilé wọn. Ọ̀rọ̀ náà wà láàárín ọmọ méjì àti ẹ̀ṣẹ́ wọn. Ní tiwa, ìjà ọmọdé kì í ṣe ti ọmọ nìkan. Ilé là á wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ọmọ bá ń fi agbára gba nǹkan ẹlòmíràn, ilé rẹ̀ ni a kọ́kọ́ máa ń wò.

Bí àwọn ìyá àgbà ṣe ń ṣe é nìyí, gẹ́gẹ́ bí a ti bá a nílé. Ọmọ sunkún dé. Ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe «Ta ló nà ọ́?» Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni «Kí lo ṣe fún un?» Nítorí agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Lẹ́yìn náà, ìyá á fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ lọ sí ilé kejì. Á kúnlẹ̀ kí ìyá ilé náà bó bá jù ú lọ, á béèrè àlàáfíà àwọn ará ilé kó tó sọ̀rọ̀ ìjà. Ìyá kejì á pe ọmọ tirẹ̀ jáde, wọ́n á gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì. Ìyá kọ̀ọ̀kan á bá ọmọ tirẹ̀ wí. Kò sí ẹni tó ń gbè sẹ́yìn ọmọ ara rẹ̀ lójú àwọn ènìyàn. Wọ́n á wá bu oúnjẹ sínú abọ́ kan, ọmọ méjèèjì á jọ jẹ ẹ́. Ọwọ́ tó jọ wọ abọ́ kan náà, ó ṣòro kó tún di ẹ̀ṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

A kò ní sọ pé ayé àwọn baba wa dára tán. Àwọn bàbá kan wà nígbà náà, wọ́n ṣì wà nísinsìnyí, tó jẹ́ pé bí ọmọ bá sunkún dé, wọ́n á ní kó padà lọ gbẹ̀san, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn á fi kún un. Ẹgba náà sì ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀, nígbà mìíràn lórí ọmọ tí kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí gbogbo àgbà mọ̀: bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, à á fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra.

Kí ló dé tí ilẹ̀ Kétu fi mú ọ̀rọ̀ yìí le tó bẹ́ẹ̀? A rò pé ìdáhùn wà nínú ìtàn wa fúnra wa. Ẹ rántí ìtàn tí ọ̀pọ̀ àgbà ń sọ nípa bí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí Alákétu Akebioru wàjà, àwọn ọmọ rẹ̀ méjì tó jẹ́ ìbejì, Àkàn àti Ẹdun, ń du oyè. Àkàn dìtẹ̀ láti pa Ẹdun. Ẹdun sá kúrò nílùú, ó lọ sí Ìlóbìí, lápá ilẹ̀ Yewa tó wà ní Nàìjíríà lónìí. Nígbà tó gbọ́ pé àwọn ènìyàn arákùnrin òun ń bọ̀ wá ká òun mọ́, ó ṣe ère, ó wọ ọ́ láṣọ, ó so ìkarahun ìgbín mọ́ okùn kó lè máa dún lóru. Àwọn tó wá pa á gbọ́ ariwo náà, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ. Ìlú mìíràn ní ẹ̀dà tirẹ̀, a kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ní Kétu, ohun tí ìtàn yìí ń sọ yé wa dáadáa: inú ìjà ọmọ ìyá méjì ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti jáde.

Ẹ rò ó wò. Ọmọ tó jọ sùn nínú ikùn kan, tó jọ mu ọmú kan. Bàbá tó lè là wọ́n ti lọ. Kò sí àgbà tó jókòó sáàárín wọn. Ìjà tó yẹ kó parí nídìí abọ́ kan náà di ìjà ìlú. Ohun tó sì gba Ẹdun là kì í ṣe idà. Eré ni, ère tó wọṣọ àti ariwo ìkarahun. Láti ìgbà yẹn ni ilẹ̀ Kétu ti mọ̀ pé eré lè ṣe ohun tí ogun kò lè ṣe.

Ìdí nìyí tí a fi sọ pé kí tẹlifíṣọ̀n tó dé, a ti ní tiwa. Ẹ̀fẹ̀ ni orúkọ rẹ̀. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí gan-an ni àwàdà. Lálẹ́, ìlú á péjọ sí gbàgede, ọmọdé àti àgbà, onílùú àti elégbè. Ẹ̀fẹ̀ á jáde nínú agọ̀ rẹ̀, á kọ́kọ́ júbà àwọn ìyá wa, á gbàdúrà fún ìlú, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin tú àṣírí. Ọkọ tó ń na ìyàwó, ìyá tó ń ti ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn nínú olè, aládùúgbò tó ń jà nítorí ààlà oko: kò sí ẹni tó ga jù tí Ẹ̀fẹ̀ kò lè kàn. Ìlú á rẹ́rìn-ín. Ẹni tí orin kàn á rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, nítorí bó bá bínú, ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ á jó, àwọn agbẹ́gilére á sì ti gbẹ́ ọ̀rọ̀ ìlú sórí ère: ẹran tó ń jà, ọkọ àti aya, ọlọ́jà. Ọmọ tó jókòó lórí itan ìyá rẹ̀ lóru ọjọ́ Ẹ̀fẹ̀ ti gbọ́ ìmọ̀ràn tí bàbá rẹ̀ kò lè sọ fún un lójúkojú. Bàbá náà sì ti gbọ́ tirẹ̀.

Ní ọdún 2001, UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n kéde pé wọ́n jẹ́ ogún àtẹnudẹ́nu gbogbo ayé, ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo papọ̀. Ní 2008 wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn. Inú wa dùn. Ṣùgbọ́n ìwé àkọsílẹ̀ kò lè kọrin lóru. Àwa la máa kọ ọ́.

Ó yẹ ká sọ ohun tó da ètò yìí rú. Ní ọdún 1886, ogun Dàhómì kó Kétu. Wọ́n jó ìlú, wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ sí Àbọ̀mẹ̀. Àwọn ọmọ tí kò mọ ilé bàbá wọn mọ́ wà lára wọn. Kí wọ́n tó padà wá tún ìlú tẹ̀ dó ní 1894, nígbà tí àwọn Faransé ti ṣẹ́gun Àbọ̀mẹ̀, ààlà ti dé. Àdéhùn tí ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1889 ti fi Kétu sí apá kan, ó fi Ìmẹ̀kọ sí apá kejì. Ọmọ bàbá kan náà wá ń jẹ́ ọmọ ìjọba méjì.

Lẹ́yìn náà ni ilé-ìwé dé, ìjà mìíràn sì dé pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn àgbà wa tó lọ ilé-ìwé láyé ìjọba Faransé ò lè gbàgbé nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní «signal». Ọmọ tó bá sọ èdè ilé rẹ̀ nílé-ìwé, wọ́n á gbé nǹkan yẹn kọ́ ọ lọ́rùn tàbí kí wọ́n fi í lé e lọ́wọ́. Kò lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ àfi bó bá mú ọmọ mìíràn tó ń sọ Yorùbá, tó sì gbé e fún un. Ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ilé-ìwé bá parí ló máa jìyà. Ẹ wo irú ìjà tí èyí ń dá sílẹ̀: ọmọ ń ṣọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti tú u fó, nítorí pé ó pe omi ní omi. Nígbà tí wọ́n bá sì jà lójú ọ̀nà tí wọ́n sunkún délé, kí ni ìyá lè sọ? «Kí lo ṣe fún un?» «Mo sọ èdè yín.» Ìyá wa tó mọ ẹjọ́ dá kò rí ọ̀nà gbé e gbà, nítorí ẹni tó dá ìjà yẹn sílẹ̀ kò sí ní ilé kejì tó lè lọ kí. A rò pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí ti kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ ìjà ọmọ sílẹ̀ fún tíṣà.

Tẹlifíṣọ̀n dé níkẹyìn. Ní 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Àwọn ará wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Èkó rí àwòrán tó ń sọ Yorùbá nínú àpótí. Moses Ọláìyá, tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá Sàlá, mú àwàdà Yorùbá wọ inú rẹ̀: bàbá tó ń wọ aṣọ tí kò bá a mu, tó fẹ́ràn owó ju ara rẹ̀ lọ, tí ìwà rẹ̀ sì ń kọ́ni lọ́gbọ́n bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ní 1968, Village Headmaster tí Ṣẹ́gun Olúṣọlá dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó sì ṣe ogún ọdún lórí afẹ́fẹ́: ọ̀gá ilé-ìwé, ọba ìlú, àwọn òbí àti àwọn ọmọ, wọ́n jọ ń gbé ní abúlé kan, wọ́n jọ ń parí ìjà ara wọn. Lápá tiwa níbí, tẹlifíṣọ̀n ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọdún 1978. Lẹ́yìn náà ni Ma Famille, eré ẹbí tí Akissi Delta ṣe ní Côte d'Ivoire láti 2002, wọ ilé wa lédè Faransé, a sì rẹ́rìn-ín sí àwọn tọkọtaya inú rẹ̀ bí ẹni pé aládùúgbò wa ni wọ́n.

Gbogbo eré wọ̀nyí, ọmọ ìyá Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n. Ìyàtọ̀ kan ló wà: tẹlifíṣọ̀n kò mọ orúkọ wa. Ó lè kọ́ ọmọ ní ọgbọ́n, ṣùgbọ́n kò lè fà á lọ́wọ́ lọ sí ilé kejì.

Òfin náà ti yí padà. Ìwé òfin ọmọdé ti orílẹ̀-èdè Benin, tí wọ́n ṣe ní oṣù kejìlá ọdún 2015, ti fòfin de nína ọmọ láti fi bá a wí, nílé àti nílé-ìwé. Nàìjíríà ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tirẹ̀ láti 2003. Àwọn kan nínú wa ń bínú sí òfin wọ̀nyí, wọ́n ní òyìnbó ti gba pàṣán lọ́wọ́ wa. Àwa rò pé kí wọ́n tún un rò. Nínú ohun tí a ròyìn lókè, èwo ló ń parí ìjà? Ṣé ẹgba ni, àbí ìbéèrè yẹn, ìrìn lọ sí ilé kejì, àti abọ́ kan náà? Òfin kò fọwọ́ kan ọ̀kankan nínú mẹ́ta yìí. Àwa fúnra wa la fi wọ́n sílẹ̀. Ẹgba nìkan ló kù lọ́wọ́ wa, òun la wá ń pè ní àṣà.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù jù nìyí. Lónìí, bí ọmọ bá sunkún dé, ọ̀pọ̀ òbí á gbé fóònù. Wọ́n á ya àwòrán ojú tó wú, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí, ní Èkó àti ní Paris, kí wọ́n tó gbọ́ tẹnu ọmọ kejì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹni tí kò mọ ibi tí ẹ̀rọ omi wà ti dájọ́. A tún ń gbọ́ tí àwọn ọmọ fi ààlà bú ara wọn: «ọmọ Nàìjíríà», «ọmọ Benin», lẹ́nu àwọn ọmọ tí ìyá ìyá wọn jọ jẹ́ ọmọ Alákétu. Nígbà tí Nàìjíríà ti ààlà ilẹ̀ rẹ̀ láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di ìparí 2020, àwọn àgbà kan kò rọ́nà kọjá bí ti tẹ́lẹ̀ láti lọ parí ọ̀rọ̀ ẹbí. Ọmọ kò mọ ìtàn 1889. Ohun tó gbọ́ nílé ló ń sọ níta. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ibẹ̀ náà la ti ń kó èébú.

Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ̀ yín kò pọ̀. Ẹ̀yin bàbá, ẹ yá ọgbọ́n Andy Taylor lò: ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín nípa ọjọ́ tí ẹ̀rù bà yín, kí ọmọ tí wọ́n ń rẹ́ jẹ lójú ọ̀nà ilé-ìwé lè ní ìgboyà láti sọ ọ́ fún yín kó tó pẹ́. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má jẹ́ kí ìbéèrè àwọn ìyá àgbà kú: «Kí lo ṣe fún un?» Bó bá sì jẹ́ pé ọmọ yín kò ṣe nǹkan kan, ẹ dìde, ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé kejì, ẹ kí wọn kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tó ní Ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìjà ọmọ àti èébú ààlà sínú orin yín.

Àkàn àti Ẹdun kò rí ẹni là wọ́n. Ìjà àwọn ọmọ wa ṣì wà nídìí ẹ̀rọ omi. Kò tíì dé ibi oyè, kò tíì dé ibi ogun. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ jẹ́ ká là wọ́n nísinsìnyí tó ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ ike omi. Kí Ọlọ́run jẹ́ ká rí àwọn ọmọ wa bá dalẹ́. Àṣẹ.